Ìtàn Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Àgbà ní Erékùṣù Òyìnbó: Kí Ló Kan Ilé Wa?

  

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé inú ìwé ni gbogbo òyìnbó ti ń kó ọgbọ́n wọn sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹnu àgbà ni ìwé wọn, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Scotland, ọ̀wọ́ erékùṣù kan wà nínú òkun tí wọ́n ń pè ní Hebrides. Lewis, Harris, Uist, Barra àti Skye wà lára wọn. Àwọn erékùṣù mìíràn tún wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Ireland. Gaelic ni orúkọ èdè wọn, ti Scotland àti ti Ireland sì dà bí ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè gbọ́ ọ rárá. Èdè yìí ni wọ́n fi ń pìtàn, tí wọ́n fi ń kọrin iṣẹ́, tí wọ́n fi ń ka orúkọ baba ńlá wọn, tí wọ́n fi ń súre fún màlúù àti fún iná ààrò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan kó tó di pé àwọn kan dìde láti kó o jọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó dìde yẹn la fẹ́ bá ilé sọ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ṣe ohun tó dára, wọ́n sì pàdánù ohun tí kò ṣeé rà padà. Méjèèjì ló kan àwa tí a ní bàbá àti ìyá àgbà nílé.

Ilé tí ìtàn ń gbé

Tó bá di ìgbà òtútù, òru máa ń gùn lọ́hùn-ún. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìjì á máa jà lójú òkun, iṣẹ́ oko á sì dúró. Ìgbà yẹn ni ìtàn ń jáde. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ilé kan tàbí méjì wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kóra jọ sí lálẹ́. Taigh-cèilidh ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ilé ìbẹ̀wò. Láyé àtijọ́, àárín ilé ni iná wà. Igi ò fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ dúdú inú àbàtà ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n fi ń dáná. Àwọn ọkùnrin á máa lọ́ okùn, àwọn obìnrin á máa ran òwú irun àgùntàn, etí wọn á sì wà lọ́dọ̀ apìtàn. Àṣà wọn ni pé onílé ló máa kọ́kọ́ pìtàn kan. Lẹ́yìn ẹ̀, ó di ọwọ́ àlejò títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní Ireland, wọ́n gbà pé kò dára kéèyàn máa pìtàn àwọn akọni lójú ọ̀sán. Ẹ ò rí nǹkan! Àwa náà, ṣebí wọn kì í jẹ́ ká pàlọ́ lọ́sàn-án? Àwọn baba wa àti àwọn baba wọn ò pàdé ara wọn rí, síbẹ̀ èèwọ̀ bá èèwọ̀ mu.

Oríṣiríṣi ni ìtàn wọn. Ti Fionn mac Cumhaill wà, ìyẹn jagunjagun tó tún jẹ́ ọdẹ, òun àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀. Orin iṣẹ́ wà, pàápàá èyí tí àwọn obìnrin ń kọ tí wọ́n bá jókòó yí pátákó ká, tí wọ́n ń lu aṣọ onírun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun kó lè ki. Ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, ọwọ́ gbogbo wọn á máa lọ pọ̀.

Èyí tó máa ya àwọn ọmọ Ọya lẹ́nu ni ìtàn ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní seal. Ẹran onírun ni, ó ń gbé inú òkun, ó sì máa ń gun orí àpáta wá sá oòrùn. Wọ́n ní àwọn kan nínú wọn máa ń bọ́ awọ sílẹ̀, wọ́n á di obìnrin. Ọkùnrin kan yọ́ lọ jí awọ ọ̀kan gbé, ó fi pa mọ́, ó sì fi obìnrin náà ṣe aya. Wọ́n bímọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà rí awọ ẹ̀ níbi tí ọkọ gbé e pa mọ́ sí. Ó gbé e wọ̀, ó padà sókun, ó fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Ọya àti awọ ẹfọ̀n tí ọkọ fi pa mọ́ ò tún ní bi wá pé kí ló dé tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní erékùṣù North Uist, ìdílé kan wà tó ń jẹ́ MacCodrum. Ìtàn sọ pé ìran ẹran omi yìí ni wọ́n, wọn kì í sì í pa á. Èèwọ̀ ìdílé nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n gan-an ni MacCodrum ti ẹran omi.

Ohun tó fẹ́ pa á run

Láti nǹkan bí ọdún 1750 títí lọ dé bíi 1880, àwọn tó ni ilẹ̀ ńlá ní Scotland lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò níbi tí baba wọn ti ń dáko, kí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà sin àgùntàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà àti ibòmíràn. Ní 1872, òfin ẹ̀kọ́ jáde ní Scotland tí kò fi àyè sílẹ̀ fún Gaelic rárá. Wọ́n ń na ọmọ nílé ìwé torí pé ó sọ èdè ìyá ẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín nílé ìwé torí pé ẹ sọ fànákúlà, ẹ mọ bó ṣe ń rí lára. Ọmọ tí wọ́n bá nà torí èdè, tó bá dàgbà, kì í fẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ sọ ọ́. Ó rò pé àánú lòun fi ṣe é.

Wọ́n ṣì tún ní ìyọnu mìíràn. Ní àwọn erékùṣù bíi Lewis àti Skye, àwọn oníwàásù kan gbógun ti ìtàn àti orin. Wọ́n ní asán ni, wọ́n ní ó ń dí ọkàn lọ́wọ́. Ní South Uist àti Barra, tó jẹ́ pé ìjọ Kátólíìkì ló pọ̀ níbẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dí aráàlú lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó ìtàn jọ ti rí púpọ̀ jù.

Ní 1891, àwọn tó ń sọ Gaelic ní Scotland lé ní 250,000. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2011, ó ku bíi 57,000. Erékùṣù St Kilda, tó jìnnà jù lọ, èèyàn 36 péré ló kù níbẹ̀ tí wọ́n fi kó wọn kúrò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1930. Great Blasket ní Ireland tú ní 1953.

Àwọn tó lọ gbà á lẹ́nu àgbà

Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ni John Francis Campbell ti erékùṣù Islay. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Gaelic láti kékeré. Ó kó àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n lọ kọ ìtàn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu onítàn, kí wọ́n má tún un ṣe. Láàárín 1860 sí 1862, ó tẹ ìdìpọ̀ ìwé mẹ́rin jáde, ó sì kọ orúkọ ẹni tó pìtàn kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ìbáà ṣe apẹja, ìbáà ṣe alágbàṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Onítàn ní orúkọ.

Lẹ́yìn náà ni Ireland gba iṣẹ́ yìí kanrí. Ní 1935, ìjọba ibẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún kíkó ìtàn àtẹnudẹ́nu jọ. Láti 1937 sí 1939, wọ́n fi iṣẹ́ lé àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́: ẹ lọ sílé, ẹ bi bàbá àgbà, ẹ bi ìyá àgbà, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ilé ìwé bíi 5,000 ló kópa, àwọn ọmọ tó kọ ọ́ sì lé ní 50,000. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àgbà tó lè máa fojú fo àlejò oníwèé, kì í lè kọ̀ fún ọmọ-ọmọ ẹ̀.

Àjọ yẹn ló kọ́ Calum Maclean níṣẹ́. Ọmọ erékùṣù Raasay ní Scotland ni, wọ́n bí i ní 1915. Ìgbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àṣà Scotland sílẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh ní 1951, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ láti máa kó ìtàn jọ. Èdè wọn ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Á jókòó ti àgbà lóru, ìtàn kan lè gùn débi pé alẹ́ kan ò ní tó o. Àrùn jẹjẹrẹ mú un, wọ́n gé apá ẹ̀ kan ní 1957. Apá kan tó kù ló fi ń báṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní South Uist ní 1960. Kò tíì pé ọmọ ọdún 45.

Margaret Fay Shaw ńkọ́? Ará Amẹ́ríkà ni. Ó dé South Uist ní 1929, ó sì bá àwọn obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbé nínú ilé wọn fún ọdún mẹ́fà. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ oko, ó bá wọn fún wàrà. Orin tí wọ́n bá ń kọ sẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ sílẹ̀. Ìwé tó ṣe kò jáde títí di 1955. Kò kánjú. Òun àti John Lorne Campbell tó fẹ́ ẹ tún lọ sí Cape Breton ní Kánádà ní 1937, wọ́n bá àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n lé nílé nígbà kan, wọ́n sì gba orin baba ńlá wọn sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Àwa tí a mọ ohun tí àwọn ará wa gbé dé Kúbà àti Brazil, èyí ò jẹ́ tuntun sí wa. Ohun tí ilé bá gbàgbé, ẹ̀yìn odi lè ṣì rántí.

Àwọn àgbà tó pìtàn yìí náà kì í ṣe èèyàn lásán. Duncan MacDonald ti South Uist wá láti ìdílé apìtàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gba ìtàn kan náà sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, ọdún sì ń gorí ọdún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó lò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn babaláwo wa mọ irú orí tó ń gbé bẹ́ẹ̀. Nan MacKinnon ti erékùṣù Vatersay ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin lórí, ìyá ẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní púpọ̀ nínú wọn. Peig Sayers ti Great Blasket kò kọ ìtàn ayé ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń kọ ọ́. Ìwé náà jáde ní 1936.

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó wọ̀wé

Ẹnì kan ṣì kù, òun ló sì kan àwa ẹlẹ́sìn àbáláyé jù. Alexander Carmichael jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí ọjà. Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé e káàkiri àwọn erékùṣù. Ohun tó ń wá ni ìwúre, ọfọ̀ àti àdúrà: èyí tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ń bo iná lálẹ́, èyí tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ń fún wàrà, èyí tí wọ́n fi ń ṣètọ́jú aláìsàn, èyí tí wọ́n fi ń ran ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́wọ́. Àwọn Kristẹni ni wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni mímọ́ àti ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà pa pọ̀ nínú ẹ̀. Ìdìpọ̀ méjì àkọ́kọ́ ìwé ẹ̀, Carmina Gadelica, jáde ní 1900.

Ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ nípa iṣẹ́ ẹ̀. Bàbá arúgbó kan ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kéèyàn tó sùn fún un lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì gbà kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, bàbá yìí rin máìlì 26 wá bá a. Ó ní òun ò lè sun oorun lóru torí ohun tóun gbé sílẹ̀. Tó bá ṣe pé Carmichael nìkan ló fẹ́ fi ṣe ara ẹ̀ lóore, inú òun dùn sí i, àmọ́ òun ò fẹ́ kí ojú ẹni tí kò mọyì ẹ̀ rí i nínú ìwé. Ó gba ìlérí lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n sun ìwé náà níná, ọ̀rọ̀ yẹn sì lọ títí ayé.

Oníwèé á ní àdánù ni. Lóòótọ́, àdánù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ igbódù mọ ohun tí bàbá yẹn ń sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló ní àṣẹ lórí ẹ̀, kódà lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì ṣe ohun tó tọ́.

Ohun tó tún yẹ ká sọ nípa Carmichael ni pé àwọn tó padà yẹ ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀ wò rí i pé ó ti tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, ó ti dán wọn kó lè dùn sí i. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Síbẹ̀, lónìí, ó ṣòro láti mọ ibi tí ohùn àgbà parí sí àti ibi tí ọwọ́ Carmichael ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dà nù

Ẹ̀rọ tí àjọ Ireland ń lò máa ń kọ ohùn sára ìda. Owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ti da ìtàn kọ sínú ìwé tán, wọ́n á fá ojú ìda náà kí wọ́n lè tún un lò. Ọ̀rọ̀ kù, ohùn lọ. Bí àgbà ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀, bó ṣe ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ èyí tó ń dẹ́rù bani, kò sí nínú ìwé.

Èyí tí wọ́n gbà sórí téèpù ní Scotland ṣì wà. Láti 2010, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé láti gbọ́. Orúkọ tí wọ́n fún ibẹ̀ ni Tobar an Dualchais, ìyẹn Kànga Ogún Ìran. Ọmọ-ọmọ lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà tó ti kú kí wọ́n tó bí i. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n kànga ò lè gbé omi wá bá wa nínú ilé. Ní abúlé tí wọ́n ti ń kóra jọ yí iná ká, tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ. Ìtàn ń bẹ lórí téèpù, ẹni tó máa jókòó pa á fún ọmọ ló wọ́n.

Tiwa ńkọ́?

Ní 1951 kan náà tí Calum Maclean bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Edinburgh, ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wà ní Ọ̀yọ́. Ó gba ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún sílẹ̀ lórí téèpù lẹ́nu Sàlàkọ́, olórìṣà Òrìṣàńlá. Ìwé tó ti ara ẹ̀ jáde, ọdún 1980 ló tó tẹ̀ ẹ́, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀. Àwọn olórìṣà tó wà lókèèrè ń kà á dòní. Sàlàkọ́ ní orúkọ nínú ẹ̀, a dúpẹ́. Àmọ́ àgbà mélòó ló ti lọ láàárín 1951 sí ìsinsìnyí, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì?

A ò gbọ́dọ̀ dúró de àlejò. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ohun tí a lè ṣe nínú ilé rèé.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà. Ẹ má yọ́ fóònù sábẹ́ aṣọ. Ẹ wólẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Tó bá ní rárá, rárá ni. Tó bá padà ní ọjọ́ kejì pé kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹ̀.

Ẹ ya igbá méjì sọ́tọ̀. Igbá kìíní ni ti gbogbo ilé: àlọ́, oríkì ìdílé, orin ọdún, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ òrìṣà, èèwọ̀ àti ohun tó fà á, ibi tí a ti ṣí wá. Igbá kejì ni ti awo. Èyí tó bá wà nínú igbá kejì, kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp láéláé. Ẹni tí wọ́n bá tẹ̀ ló máa gbà á, lẹ́nu olúwo tàbí ìyálórìṣà ẹ̀.

Ẹ sọ orúkọ àgbà sórí téèpù kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ àti ìlú, kí ó sì sọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní èdè àdúgbò ẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ni o, Ẹ̀gbá ni o, Èkìtì ni o. Ẹ má tún un ṣe fún un. Tó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́ síbi méjì ó kéré tán, torí fóònù ń bọ́ sómi.

Ẹ rán àwọn ọmọ. Nígbà ìsinmi ilé ìwé tó ń bọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà kan ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Kí ni oríkì ìdílé wa? Kí ni èèwọ̀ wa? Àlọ́ wo ni wọ́n pa fún yín nígbà tí ẹ kéré? Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lè fi fóònù bi í.

Paríparí ẹ̀, ẹ tún un pa. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ọmọ tó gba àlọ́ yẹn dìde, kó pa á fún àwọn àbúrò ẹ̀, kí àgbà tó sọ ọ́ fún un jókòó síbẹ̀, kó máa tún ibi tó bá ṣì ṣe. Ohun tí àwọn ará erékùṣù yẹn ń wá báyìí nìyẹn, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ tiwa.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí ìmọ̀ wọlẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí àwọn àgbà wa pẹ́ fún wa. Kí ọmọ má gbàgbé orísun. Àṣẹ.